Kí Ló Pa Ìpìlẹ̀ àti Ìparí Èrò Pọ̀? Àyẹ̀wò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà kan lórí Àṣìrò

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó gbà, ohun kan ṣoṣo ni ó sì gbájú mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìparí èrò tí kò ti inú ọ̀rọ̀ tí a gbé e lé jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní àṣìrò. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tí à ń wí kí a tó fún un lórúkọ kankan, nítorí pé nígbà tí ènìyàn bá sọ ohun méjì tẹ̀ léra bí ẹni pé èkíní ló bí èkejì, tí a kò sì rí okùn tó so wọ́n, ìbéèrè tó máa ń bọ́ lẹ́nu wa ni pé, "Kí ló pa wọ́n pọ̀?" Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ wa bí a ṣe ń bèèrè rẹ̀ dáadáa àti bí a ṣe ń dáhùn rẹ̀. Mo parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, mo ṣe gbogbo ìdánrawò inú rẹ̀, mo sì padà ṣe ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin lẹ́ẹ̀kejì. N kò ní dárúkọ àwọn tó ni ín, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn kan tó wúwo láti fi kàn wọ́n, ohun tí mo sì ń fẹ́ ni kí àtúnṣe dé bá iṣẹ́ wọn, kì í ṣe kí orúkọ wọn bàjẹ́.

Ètò rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fídíò márùn-ún tàbí mẹ́fà wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ogún ìdánrawò wà tí ẹ̀rọ ń fún ní máàkì lójú ẹsẹ̀, ìpàdé orí fídíò kan sì wà ní òpin ọ̀sẹ̀ níbi tí olùkọ́ni àti nǹkan bí ogún akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ohùn fídíò ọ̀sẹ̀ kejì kò já geere, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ máa ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán, nítorí náà kò dí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni yóò gbà. Ní tèmi, márùn-ún ni ó gbà, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà wọ òun lára kò gbọdọ̀ retí pé òun yóò lo ohun tó kéré sí èyí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ti ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Gbólóhùn tí ènìyàn kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Ohun tó ní kí a gbà nítorí ìpìlẹ̀ náà ni ìparí èrò. Okùn tó wà láàárín méjèèjì ni ìsomọ́ra. Wọ́n mú wa padà sọ́dọ̀ Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Jésù, ẹni tí a mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó to ìmọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tó sọ ni pé, nínú àròjinlẹ̀ tó pé, bí a bá ti gba àwọn ohun kan wọlé, ohun mìíràn tó yàtọ̀ sí wọn yóò tẹ̀lé wọn dandan, kìkì nítorí pé àwọn ohun àkọ́kọ́ náà rí bí wọ́n ṣe rí. Ọ̀rọ̀ náà "dandan" ni gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí rọ̀ mọ́, òun náà sì ni, gẹ́gẹ́ bí n ó ṣe ṣàlàyé níwájú, ni ó pàpà dá a dúró níbi tí kò yẹ kó dúró sí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sá. Wọ́n to gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà fi ìpìlẹ̀ méjì àti ìparí èrò kan jọ gẹ́gẹ́ bí ìlànà àtijọ́, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 256. Nínú wọn, 24 péré ni àwọn ará ìgbà náà gbà pé ó so mọ́ra. Àwọn onímọ̀ òde òní dín in kù sí 15, nítorí pé wọn kò gbà mọ́ pé nígbàkígbà tí a bá ti wí pé "gbogbo irú nǹkan báyìí", ó kéré tán ọ̀kan nínú irú nǹkan náà gbọ́dọ̀ wà láyé. Ó dára kí ènìyàn mọ̀ pé, àní lójú àwọn tó lawọ́ jù, 232 nínú 256 ni kò so mọ́ra, nítorí pé ó ń jẹ́ kí a rí bí ọ̀nà tí a lè gbà ṣìnà ṣe pọ̀ ju ọ̀nà tí a lè gbà débẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kíkọ́ orúkọ wọn sórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ràn mí lọ́wọ́ rárá, ẹni tí àyè kò bá sì gbà lè fo fídíò mẹ́ta tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ láìpàdánù ohunkóhun.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo rí ohun tí mo wá. Ìdánrawò àkọ́kọ́ gbé gbólóhùn mẹ́ta kalẹ̀: Gbogbo ẹyẹ ló ń yé ẹyin. Ògòǹgò ń yé ẹyin. Nítorí náà, ẹyẹ ni ògòǹgò. Wọ́n ní kí a sọ bóyá ìparí èrò náà ti inú ìpìlẹ̀ rẹ̀ jáde. Mo kà á, mo rí i pé òótọ́ ni gbólóhùn kìíní, òótọ́ ni èkejì, òótọ́ sì ni ẹ̀kẹta, mo bá tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ kò sọ fún mi pé mo gbà á tàbí pé mo ṣì í. Ó kàn yọ ògòǹgò kúrò, ó fi ọ̀nì rọ́pò rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn: Gbogbo ẹyẹ ló ń yé ẹyin. Ọ̀nì ń yé ẹyin. Nítorí náà, ẹyẹ ni ọ̀nì. Lẹ́yìn náà ni ó tún bi mí ní ìbéèrè kan náà.

Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Ìpìlẹ̀ méjèèjì ṣì jẹ́ òótọ́, nítorí pé ọ̀nì ń yé ẹyin ní tòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ pátápátá ni ibi tí wọ́n gbé mi dé. Bí ọ̀nà kan bá lè mú wa kúrò nínú òótọ́ méjì lọ sínú irọ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà náà ni ó mú wa dé inú òótọ́ nígbà àkọ́kọ́. A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹyẹ ni ògòǹgò, ìmọ̀ tí a ti ní tẹ́lẹ̀ yẹn ni ó sì bo àlàfo náà mọ́lẹ̀ tí ojú wa kò fi rí i. Nígbà tí wọ́n wá yọ ẹyẹ, ẹyin àti ògòǹgò kúrò pátápátá, tí wọ́n fi lẹ́tà sí ipò wọn, tí ó wá di pé gbogbo A jẹ́ B, C jẹ́ B, nítorí náà C jẹ́ A, ó hàn gbangba pé C lè wà nínú B láìsí nínú A rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tó bá rú mi lójú: n ó yọ orúkọ inú rẹ̀ kúrò, n ó fi orúkọ mìíràn tí n kò nífẹ̀ẹ́ sí tí n kò sì kórìíra síbẹ̀, n ó sì wò ó bóyá ibi tí mo fẹ́ dé ṣì ni ó gbé mi lọ.

Wọ́n wá yí i padà sí wa. Gbogbo ohun tó ní ìyẹ́ ló ń fò. Ògòǹgò ní ìyẹ́. Nítorí náà, ògòǹgò ń fò. Nínú ìpàdé òpin ọ̀sẹ̀, ó ju ìdajì wa lọ tó sọ pé èyí kò so mọ́ra, ìdí kan ṣoṣo tí a sì ní ni pé ògòǹgò kì í fò. Olùkọ́ni wa, obìnrin kan tí wọ́n máa ń ní sùúrù púpọ̀, ní kí a tún un wò. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé gbogbo ohun tó ní ìyẹ́ ló ń fò, ṣé ògòǹgò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kò lè bọ́. Okùn náà so dáadáa. Ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ ni irọ́, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ jiyàn gbájú mọ́. N kò rí ibòmíràn tí a ti kọ́ ènìyàn ní ìyàtọ̀ yìí lọ́nà tó yé ni tó báyìí. Ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ jẹ́ òótọ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó so mọ́ra, ẹni tó bá sì pa méjèèjì pọ̀ yóò máa gba ohun tí kò yẹ wọlé, yóò sì máa lé ohun tó yẹ jáde.

Wọ́n fi ìwádìí kan tì í lẹ́yìn, èyí tí Jonathan Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ̀ jáde ní ọdún 1983. Wọ́n fi hàn pé àwọn ènìyàn máa ń tètè gba ìparí èrò tí kò so mọ́ra bí ó bá ti bá ohun tí wọ́n gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀ mu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ èyí tí kò so mọ́ra bẹ́ẹ̀ gan-an bí kò bá ti bá a mu. Ìdí nìyí tí mo fi mọyì ọ̀sẹ̀ kẹta ju gbogbo ìyókù lọ. Kò ṣòro láti rí àlàfo nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò fẹ́ gbọ́. Èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ràn ni ojú wa kì í ká, ìdánrawò ògòǹgò àti ọ̀nì náà sì fi ọwọ́ mi le orí tèmi gan-an.

Ìyókù ọ̀sẹ̀ náà dá lórí ọ̀rọ̀ kékeré náà "bí". Bí bátìrì fóònù bá ti kú, fóònù kò ní tàn. Bátìrì ti kú, nítorí náà fóònù kò ní tàn: èyí so mọ́ra. Fóònù tàn, nítorí náà bátìrì kò tíì kú: èyí náà so mọ́ra. Ṣùgbọ́n láti inú pé fóònù kò tàn, a kò lè sọ pé dandan ni kí bátìrì ti kú, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé níwọ̀n bí bátìrì kò ti kú, fóònù gbọ́dọ̀ tàn. Èyí kan mi gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé fóònù kan wà tí mo pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Àṣìrò yìí náà ni ó wà nínú ìdánwò káàdì mẹ́rin tí Peter Wason gbé jáde ní ọdún 1966, tí wọ́n ní kí a ṣe kí fídíò tó ṣàlàyé rẹ̀. Káàdì mẹ́rin wà nílẹ̀, lẹ́tà wà ní ojú kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà ní ojú kejì. Ohun tí à ń rí ni E, K, 4 àti 7. Òfin ni pé bí fáwẹ̀lì bá wà ní ojú kan, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni yóò wà ní ojú kejì. Èwo nínú wọn ni a gbọ́dọ̀ ṣí láti mọ̀ bóyá òfin náà jẹ́ òótọ́? Mo mú E àti 4, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣe. E àti 7 ni ìdáhùn. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn 4 kò lè ba òfin náà jẹ́, ṣùgbọ́n bí fáwẹ̀lì bá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn 7, òfin ti já nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin sọ̀rọ̀ lórí ìpìlẹ̀ tí a gbé mì, ìyẹn gbólóhùn tí ènìyàn kò sọ jáde ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dúró láìsí i. Ìlànà tí wọ́n kọ́ wa rọrùn: kí a kọ gbólóhùn tó pa mọ́ náà sílẹ̀ ní kíkún, kí a sì bi ara wa bóyá a lè búra sí i. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí òwe kan tí gbogbo wa mọ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ohun méjì péré ni ìpìlẹ̀ tó wà níbẹ̀, igbe ti àná àti ikú ti òní, kò sì sí ohun tó wà láàárín wọn bí kò ṣe ilẹ̀ kan tó ṣú tó sì mọ́. Ohun tó yẹ kó so wọ́n ni gbólóhùn pé ohunkóhun tó bá tẹ̀lé igbe, igbe náà ni ó fà á. Bí ènìyàn bá kọ ìyẹn sílẹ̀ tó wò ó, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ sí i. Ìdí tí a kì í fi kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé ìbéèrè náà, "ta ni kò mọ̀", ti gba ipò rẹ̀: ó mú kí ojú ti ẹni tó bá fẹ́ béèrè ohun tó wà láàárín. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu òwe náà, nítorí pé ẹni tó ń pa á sábà máa ń fẹ́ sọ pé ohun méjì tó tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìfura. Ìfura yẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Ìdájọ́ ni kò tíì yẹ.

Àpẹẹrẹ tí àwọn fúnra wọn fi gbe ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè tètè gbàgbé. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Sally Clark, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò, lẹ́bi pé ó pa àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì tí wọ́n kú ní ìkókó. Dókítà kan tó jẹ́rìí sọ pé kí ọmọ méjì kú ikú òjijì tí a kò mọ ìdí rẹ̀ nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 73 ni irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà yẹn wá láti inú pé wọ́n mú ẹ̀ẹ̀kan nínú 8,543, tó jẹ́ ti ikú ọmọ kan, wọ́n sì fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mì ni pé ikú ọmọ kejì kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ti èkíní, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Èkejì tilẹ̀ burú jù ú lọ: bí ohun kan bá ṣọ̀wọ́n púpọ̀ fún ẹni tí kò jẹ̀bi, ìyẹn kò sọ pé ẹni náà jẹ̀bi, àfi bí a bá kọ́kọ́ wo bí ẹ̀ṣẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó, nítorí pé kí ìyá pa ìkókó rẹ̀ méjì, ohun tó ṣọ̀wọ́n gidigidi ni òun náà. Ní ọdún 2001, Royal Statistical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ìwádìí nílẹ̀ náà, sọ ní gbangba pé nọ́ńbà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2003 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, tí èsì àyẹ̀wò kan tí wọn kò gbé síwájú ilé ẹjọ́ tẹ́lẹ̀ sì wà lára ohun tó fà á. Obìnrin náà ti lo ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́wọ̀n. Mo dá fídíò náà dúró níbẹ̀, n kò sì lè tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ náà mọ́.

Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà bá parí ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyìn nìkan ni n bá máa kọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ẹ̀sùn mi wà, ìdánrawò kẹtàdínlógún rẹ̀ gan-an. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: Bí plánẹ́ẹ̀tì tí a kò mọ̀ bá wà lẹ́yìn Uranus, ọ̀kan nínú àwọn plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí òòrùn ká, ìrìn Uranus yóò yà díẹ̀ kúrò ní ibi tí ìṣirò fi í sí. Ìrìn Uranus yà kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, plánẹ́ẹ̀tì tí a kò mọ̀ wà lẹ́yìn Uranus. Ọ̀nà méjì péré ni ẹ̀rọ náà fún wa láti dáhùn, kí a tẹ "ó so mọ́ra" tàbí kí a tẹ "àṣìrò". Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹ̀kọ́ fóònù àti bátìrì mọ̀ pé ìrísí kan náà ni wọ́n ní, nítorí náà yóò tẹ "àṣìrò", ẹ̀rọ yóò fún un ní máàkì, ẹ̀kọ́ yóò sì tẹ̀ síwájú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀rọ̀ kò tán rárá. Èrò yẹn gan-an ni Urbain Le Verrier, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, rò. Ó ṣe ìṣirò ibi tí plánẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ wà, ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí Johann Galle, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ bíi tirẹ̀, ní Berlin, ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1846 ni Galle sì rí i níbi tí kò jìnnà tó dígírì kan sí ibi tí Le Verrier ní kí ó wò. Neptune ni plánẹ́ẹ̀tì náà. Ó dájú pé okùn èrò rẹ̀ kò so ní dandan, nítorí pé nǹkan mìíràn lè mú kí ìrìn Uranus yà. Ṣùgbọ́n láti fi orúkọ kan náà pe èrò yìí àti pé ẹyẹ ni ọ̀nì, kí a sì kúrò níbẹ̀, kò kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n. Oníṣẹ́ tó kọ́kọ́ fura sí bátìrì nígbà tí fóònù kò tàn kò ṣe ohun tó burú, níwọ̀n ìgbà tó bá mọ̀ pé ìfura ni ó wà lọ́wọ́ òun, tó sì mọ ohun tí òun yóò ṣe láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó mú kí èyí dùn mí ni pé ìtàn Le Verrier fúnra rẹ̀ ni ìbá ti parí ẹ̀kọ́ náà fún wọn. Ní ọdún 1859, ó tún rí i pé Mercury, tó sún mọ́ òòrùn jù lọ, kò rìn bí ìṣirò ṣe wí, pé ibi tó ti máa ń sún mọ́ òòrùn jù nínú ìyípo rẹ̀ ń sún síwájú díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó ro èrò kan náà, ó ní plánẹ́ẹ̀tì mìíràn ni yóò wà láàárín Mercury àti òòrùn, wọ́n sì fún un lórúkọ, Vulcan, láìsí ẹ̀rí tó dájú pé ó wà. Wọ́n wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wá a nígbà tí òṣùpá bo òòrùn lójú, wọn kò rí i, nítorí pé kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 1915 ni Albert Einstein fi ìmọ̀ rẹ̀ tuntun nípa òòfà, agbára tí òòrùn àti àwọn plánẹ́ẹ̀tì fi ń fa ara wọn, ṣàlàyé ìrìn Mercury láìsí pé a nílò plánẹ́ẹ̀tì kankan.

Ẹni kan náà, ìrísí èrò kan náà, èkíní bọ́ sí i, èkejì kò bọ́ sí i. Nínú ìwé máàkì ẹ̀rọ náà, òdo ni méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ́ wa ni ohun tó wà láàárín méjèèjì: pé a ní láti béèrè irú àlàyé mìíràn tó lè wà, pé èrò tó sọ ibi tí a ó wò tí a sì bá nǹkan níbẹ̀ lágbára ju èyí tí a wò tí a kò bá nǹkan lọ, pé kí ènìyàn mọ ìwọ̀n tí òun lè fi ọkàn tán ohun tí kò dandan. Kòtò tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kan dá kọjá yàtọ̀ sí odò tó kún dé ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí mọ kìkì pé ilẹ̀ ti là. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a mọ̀ láyé yìí, láti ọ̀dọ̀ dókítà tó ń wá ohun tó ń ṣe aláìsàn títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá ẹni tó jí nǹkan, irú èrò tí kò dandan yìí ni a fi mọ̀ ọ́n.

Ìjàǹbá tó wà nínú rẹ̀ fara hàn nínú ìpàdé ọ̀sẹ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wí pé gbogbo ẹni tí òun mọ̀ tó ń fa sìgá ló ń wúkọ́, nítorí náà sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Òmíràn dáhùn kíákíá pé àṣìrò nìyẹn, àwọn tí ó mọ̀ kò pọ̀ tó, ikọ́ sì lè ti ibòmíràn wá, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé a ti rí i báyìí pé sìgá kò ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní nǹkan kan. Mo retí kí olùkọ́ni wa dá a dúró. Wọ́n yìn ín pé ó tètè rí àṣìrò náà, wọ́n sì pe ẹni tó kàn. Mo nawọ́, mo ní pé bí ìdí tí ènìyàn gbé kalẹ̀ kò bá gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn kò sọ ọ̀rọ̀ náà di irọ́, pé láti ọdún 1950 tí Richard Doll àti Austin Bradford Hill ti tẹ ìwádìí wọn jáde lórí sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀rí ti ń kún ẹ̀rí, ẹ̀rí wọ̀nyẹn kò sì gbára lé àwọn tí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀. Wọ́n ní a ó padà sí i. A kò padà sí i. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn gba máàkì ọ̀sẹ̀ náà pé, ó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìparí èrò tí kò so mọ́ra ju èyí tó tú palẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà mú ìtura díẹ̀ wá. Kálukú kọ ojú ìwé kan lórí ohun tó dá a lójú, a sì fi í fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti fàlà sí ibi tí okùn bá ti já. Tèmi padà dé pẹ̀lú ìlà pupa ní ibi méje. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ibi tí mo ti kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí a yí ètò iṣẹ́ wa padà níbi iṣẹ́, àṣìṣe dínkù, nítorí náà ètò tuntun náà dára. Ẹni tó kà á kò bá mi jà, ó kàn kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lóṣooṣù ńkọ́, ṣé òun náà kò dínkù?" Mo lọ wo ìwé wa. Ó ti dínkù. Mo jẹ́ kí àwọn tí mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn yí lérò padà mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ó forúkọ sílẹ̀, pàápàá bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ kíkọ ìròyìn, ṣíṣe ìdájọ́, títọ́jú aláìsàn tàbí kíkọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́. Kí ó fi àkókò tó pọ̀ jù sí ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí máàkì ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàn án. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ni ní ìparí kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi, nítorí pé ẹni tó bá tẹ "àṣìrò" sí gbogbo ìdánrawò ọ̀sẹ̀ karùn-ún yóò yege láìka ẹyọ kan nínú wọn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, 16 nínú 20 ni ìdáhùn wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ̀wé sí wọn. Mo kọ ìtàn Neptune àti Vulcan síbẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìdáhùn kẹta kún méjì tó wà, èyí tí yóò sọ pé "kò dandan, ṣùgbọ́n ó tó láti lọ wò". Wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò nígbà tí àwọn bá ń tún ètò náà ṣe. Ní òwúrọ̀ òní, mo tún wọlé, mo ṣí ìdánrawò kẹtàdínlógún, mo sì tẹ ohun tí Le Verrier ì bá tẹ̀. Òdo ni ó ṣì fún mi.